Ta Ló Mọ̀, Ta Ni Kò Lè Sọ Ọ́? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìtàn Ọ̀daràn Inú Ìlú Kékeré Ilẹ̀ Faransé

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti mú kálàmù lọ́wọ́ láti kọ tiyín. Yàrá kan ní ìlú Tulle, ní agbègbè Corrèze, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù January ọdún 1922. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì. Ọkùnrin kan tó ti Lyon wá ń pe ọ̀rọ̀ fún un, obìnrin náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ọkùnrin yìí ni Edmond Locard, ẹni tó dá ilé àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní Lyon ní 1910. Obìnrin náà ni Angèle Laval, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní préfecture, ọ́fíìsì ìjọba àgbègbè náà. Ó kọ lẹ́tà kan, ó dúró, ó padà lọ tún un tẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ń gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Locard kò jágbe mọ́ ọn. Ó ṣáà ń pe ọ̀rọ̀ lọ ni, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, torí ó mọ̀ pé ènìyàn lè pa ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dà fún ìlà mẹ́ta, fún ìlà márùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ó ń rẹ ọwọ́, ọwọ́ á sì padà sọ́nà tó mọ̀ ọ́n tọ̀.

Láti December 1917 ni lẹ́tà tí kò lórúkọ ẹni tó kọ ọ́ ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tulle. 110 ni iye tí wọ́n sábà máa ń dá. Àwọn kan bá tiwọn lójú fèrèsé, àwọn mìíràn bá a lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń yan ta lálè, ta ló ń tan ọkọ rẹ̀, ta ló ń ṣe mẹ́ta lábẹ́lẹ̀: irú ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Angèle ti nífẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ẹlòmíràn ni ọ̀gá náà sì gbé níyàwó. Kí ọwọ́ tó tẹ obìnrin yìí, òṣìṣẹ́ préfecture kan tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà kàn ti ya wèrè, ó sì ti kú. Lẹ́yìn ìdánwò Locard, Angèle àti ìyá rẹ̀ jọ lọ sí adágún omi Ruffaud nítòsí ìlú. Ìyá kú sómi. Ọmọ yè. Ní December 1922, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù 1 fún un, èyí tí wọn kò ní mú ṣẹ àfi bó bá tún ṣẹ̀, wọ́n sì fi ìtanràn 100 francs lé e. Ó padà sílé rẹ̀ ní Tulle náà. Ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú ní 1967.

Àwọn oníwèé ìròyìn tó wà níbi ẹjọ́ náà fi í wé ẹyẹ tó pa ìyẹ́ mọ́ra nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tí Henri-Georges Clouzot gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú fíìmù ní 1943, corbeau ló pe àkọlé rẹ̀, ìyẹn ẹyẹ ìwò, láti ìgbà náà sì ni àwọn Faransé ti ń pe ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà aláìlórúkọ ní corbeau. Ẹyẹ tó gbé oúnjẹ lọ fún Èlíjà nínú Bíbélì tiwa, ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ló ń gbé kiri lọ́hùn-ún.

Mo fi Tulle ṣáájú nítorí pé gbogbo ohun tí irú ìwé yìí nílò ló wà níbẹ̀. Ìtàn ọ̀daràn tó ń wo inú ọkàn, tí ó sì wáyé ní ìlú kékeré ilẹ̀ Faransé, kì í fi ìbéèrè pé ta ló ṣe é pa ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, kí ojú ìwé 20 tó pé, a ti mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó ń mú olùkàwé ṣí ojú ìwé kejì ni pé: ta ló mọ̀, ìgbà wo ló mọ̀ ọ́n, kí ló dì í lẹ́nu? Òfin ilẹ̀ Faransé sì ti bá òǹkọ̀wé pín àwọn tó mọ̀ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò kíyè sí i, ibẹ̀ sì ni ìwé wọn ti ń jò.

Àwọn kan mọ̀, òfin sì ti ká wọn lẹ́nu kò. Dókítà wà níbẹ̀, apòògùn wà níbẹ̀, notaire tó ń ṣe ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún wà níbẹ̀, lọ́yà àti fadá tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà wà níbẹ̀. Abala 226-13 nínú ìwé òfin ọ̀ràn sọ pé ẹni tó bá tú àṣírí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti 15,000 euro gbára. Àwọn kan mọ̀, òfin kò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ: àwọn ẹbí. Abala 434-1 lè sọ ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀ràn ńlá, tí a ṣì lè dènà rẹ̀ tàbí dín ìpalára rẹ̀ kù, sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 bó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó yọ òbí, ọmọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọkọ àti aya sílẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe ní ìkà. Àwọn tó kù ni àwọn tó mọ díẹ̀, tí díẹ̀ náà ń yún wọn lẹ́nu. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nílùú, àwọn ló sì ń kọ lẹ́tà.

Ẹ wá wo àṣìṣe tó wọ́pọ̀. Ní ojú ìwé 40, ọlọ́pàá wọ ilé apòògùn, ó bèèrè ta ló ra oògùn orun, apòògùn sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ti kú níbẹ̀. Nínú ayé gidi, apòògùn yóò wo òde, yóò sì sọ pé òun ní oníbàárà tó ń dúró. Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì dókítà tàbí ti notaire ni wọ́n fẹ́ tú, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá, aṣojú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà á sì dúró tì í. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ìlú tí títì ńlá rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: mọ́tò adájọ́ dúró níwájú ilé notaire ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù, ìlú ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogún ni. Ìwé kankan kò tíì jáde, ìròyìn ti jáde.

Báwo ni ìlú náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ilẹ̀ Faransé ní communes, ìyẹn ìlú àti abúlé tó ní máyọ̀ tirẹ̀, tó lé ní 34,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní tó 1,000 ènìyàn. Ìlú tó ní 300 ènìyàn lẹ́wà láti wò, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi kọ ìwé gígùn. Kò ní ilé apòògùn, kò ní notaire, kò ní gendarme, ọlọ́pàá ìgbèríko, mairie rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì máyọ̀, a sì máa ṣí fún ìwọ̀nba wákàtí lọ́sẹ̀. Lójú tèmi, ìlú tó ní láti 3,000 sí 8,000 ènìyàn ló dára jù. Ilé apòògùn méjì lè wà níbẹ̀, kí oníkálukú lè mọ èyí tí òun kì í yà sí. Ọjà ọ̀sẹ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ wà, káfé tó ń ta sìgá wà, òkúta ìrántí àwọn tó kú lógun 1914 wà, orúkọ ìdílé tó wà lára òkúta náà sì ni ẹ máa rí lára ilé ìtajà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé brigade gendarmerie wà níbẹ̀.

Àwọn ìlú ńlá ni Police nationale wà fún. Ìlú kékeré àti ìgbèríko, Gendarmerie ló ni í. Ológun ni gendarme, inú bárékè ló ń gbé pẹ̀lú aya àtọmọ, ìjọba a sì máa ṣí i nípò. Àjèjì tó ń gbé àárín ìlú ni. Ọmọ rẹ̀ ń bá ọmọ afurasí jókòó ní kíláàsì kan náà, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé aláta ọjà yẹn àti máyọ̀ jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó nílò ẹni tí yóò sọ fún un. Òǹkọ̀wé tó bá gbé kọmíṣánà àti “inspecteur” sínú abúlé ti ṣi ilẹ̀kùn wọlé. Láti 1995 ni wọ́n ti pa orúkọ oyè inspecteur rẹ́ nínú ọlọ́pàá Faransé. Ọ̀gá brigade kékeré sábà máa ń jẹ́ adjudant tàbí major. Bí wọ́n bá pa ènìyàn, kò ní pẹ́ tí procureur de la République, agbẹjọ́rò ìjọba, yóò fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò gbé e fún section de recherches, ẹ̀ka ìwádìí Gendarmerie tó ń ti ìlú ńlá wá. Ẹni tó mọ ìlú díẹ̀ wá di ẹni tó ń fi ọ̀nà han àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ìrora yẹn dára ju ìbọn lọ nínú ìwé. Ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́, tí ẹ mọ gendarme nílé yín ní Benin kí wọ́n tó dà á pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ní 2018, tí ẹ sì mọ juge d'instruction, adájọ́ tó ń ṣe ìwádìí, ẹ bá wa ní sùúrù pẹ̀lú àwọn ará Ìbàdàn tó ṣì ń wá DPO.

Nísinsìnyí, òkú. Nínú ìtàn tó dá lórí ariwo, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ pé wọ́n pa ènìyàn. Nínú tiwa, ìwé kan ni. Bí àgbàlagbà bá kú sínú ilé ní ìlú kékeré, dókítà ẹbí ni wọ́n máa ń pè láti kọ ìwé ẹ̀rí ikú. Lórí ìwé náà, ojú àmì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní obstacle médico-légal. Bí dókítà bá fi àmì síbẹ̀, ìsìnkú dúró, wọ́n á ké sí procureur, òkú á sì lọ fún àyẹ̀wò ní ìlú ńlá tó ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Bí kò bá fi àmì síbẹ̀, mairie á fọwọ́ sí pípa pósí dé, wọ́n á sì sin òkú. Fún ìgbà pípẹ́, ààyè tí òfin fi sílẹ̀ wà láàrin wákàtí 24 àti ọjọ́ 6 iṣẹ́. Ní 2024 ni wọ́n sún un dé ọjọ́ 14.

Ẹ wá gbé dókítà yẹn síwájú mi. Ó ti tọ́jú ìdílé náà fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ó rí àmì kan lọ́rùn òkú tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá fi àmì sí ojú kékeré yẹn, ó ti pe ìdílé náà ní apànìyàn lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá fi sí i, ohun tó rí yìí yóò máa bá a sùn, yóò máa bá a jí. Orí kan gbáko nínú ìwé lè dá lórí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà fi di kálàmù mú. Ohun tó máa ń ba á jẹ́ ni pé òǹkọ̀wé ń kánjú: ó fẹ́ kí àyẹ̀wò òkú dé kíá kó lè lo ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́. Ẹ jẹ́ kí òkú náà wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù méjì kọjá. Bí wọ́n bá wá hú u jáde nígbà tó yá, ohun tí wọ́n ń hú kọjá òkú kan.

Lẹ́yìn òkú, aago. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní garde à vue, àtìmọ́lé ìwádìí, ni ọkàn irú ìwé yìí, torí pé òfin ti wọn wákàtí rẹ̀. Wákàtí 24 ni. Fún ọ̀ràn tó lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún 1 ó kéré tán, procureur lè fi wákàtí 24 mìíràn kún un, ó pé 48. Ti àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ńlá àti àwọn apániláyà lè kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ìlú wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, láti rí dókítà, láti jẹ́ kí ẹbí kan mọ̀, láti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàrin àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá sì sún àkókò síwájú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Òfin oṣù April 2011 ló jẹ́ kí lọ́yà lè jókòó nígbà ìbéèrè gan-an. Bí ọ̀ràn bá tóbi, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ohùn àti àwòrán ìbéèrè náà sílẹ̀, láti 2008. Wákàtí tó jẹun, wákàtí tó sinmi, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin tí ìtàn yín bá wáyé ní 1965 tàbí 1980, ẹ yọ lọ́yà kúrò nínú yàrá náà pátápátá, torí pé 1993 ló kọ́kọ́ yọjú síbẹ̀. Èyí nìkan yóò yí ìwé yín padà ju aṣọ àti mọ́tò àtijọ́ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa lo wákàtí 48 náà? Ẹ má fi wọ́n pariwo. Igbe kò gbé òtítọ́ jáde nínú ìwé tó dára, bẹ́ẹ̀ ni Locard kò kígbe. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àtúnsọ. Wọ́n á bèèrè lọ́wọ́ afurasí bó ṣe lo ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọ́n á tún bèèrè, pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á ní kó bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ padà sí àárọ̀. Ẹni tó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ máa ń ṣàṣìṣe kékeré kéékèèké, á ní búrẹ́dì ni, á tún ní rárá, ẹran ni. Ẹni tó ń ka ohun tó ti hun sílẹ̀ kì í ṣàṣìṣe, ọ̀rọ̀ kan náà, bó ṣe tò ó lánàá, ló máa ń tò lónìí. Òǹkọ̀wé tó gbọ́n máa ń jẹ́ kí olùkàwé rí i kí gendarme tó rí i. Ó máa ń pín àkókò náà láìdọ́gba pẹ̀lú: wákàtí mẹ́fà lè kọjá nínú gbólóhùn kan, kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n fi gbé kọfí wá sì gba ojú ìwé mẹ́fà.

Níbi ìbéèrè yìí ni àǹfààní kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ tàbí tí ẹ ń kọ irú ìtàn yìí ní Yorùbá, àǹfààní tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Faransé ní tu àti vous, àwa ní o àti ẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Ẹ tiwa ń wo ọjọ́ orí àti ipò. Vous tiwọn ń wo ìjìnnà. Gendarme ẹni àádọ́ta ọdún yóò pe ọmọ ọdún 19 tí kò mọ̀ rí ní vous. Bí ẹ bá kọ “o” síbẹ̀ nítorí pé ó kéré, ẹ ti ba nǹkan jẹ́, torí ní ojú ìwé 180 obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan máa ṣèèṣì pe máyọ̀ ní tu níwájú ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì ni ẹ̀rí pé wọ́n jọ ní àṣírí fún ogún ọdún. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ di “ẹ” mú fún vous láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà fún ọmọdé. Yóò kọ́kọ́ ṣàjèjì létí. Ọjọ́ tí “o” bá já bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, gbogbo olùkàwé Yorùbá ni yóò gbọ́ ọ bí ìgbà tí àwo já.

Ìdí tí wọ́n fi pànìyàn? Owó àti ìfẹ́, bíi níbi gbogbo, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ kàn jẹ́ kí owó náà jẹ́ owó Faransé. Òfin ogún wọn kò jẹ́ kí bàbá fi gbogbo dúkìá du ọmọ: ọmọ kan ní ìdajì tí a kò lè fọwọ́ kàn, ọmọ méjì ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta sókè ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún ìdí èyí, ìwé ìhágún tó fi gbogbo dúkìá fún olólùfẹ́ kò lè dúró bẹ́ẹ̀ bí àwọn ọmọ bá béèrè ìpín wọn, ìtàn tó bá sinmi lé e ti ṣubú. Èyí tó lágbára jù ni viager. Ẹni kan ra ilé lọ́wọ́ arúgbó, ó san díẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó wá ń san owó oṣooṣù títí arúgbó náà yóò fi kú. Ẹni tó rà á kò lè jàǹfààní àfi bí ikú bá tètè dé. Ní Arles, notaire kan, André-François Raffray, bá Jeanne Calment ṣe àdéhùn yìí ní 1965, nígbà tí màmá náà pé ẹni 90 ọdún. 2,500 francs ló ń san lóṣù. Raffray kú ní 1995, opó rẹ̀ sì ń bá ìsanwó lọ títí Calment fi kú ní 1997, ẹni ọdún 122. Ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó bá ka àdéhùn yẹn tán tí kò rí ìwé kan nínú rẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Òfin pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ kan tó wọ inú ọkàn ju gbogbo ìmọ̀ ìṣesí lọ: ìpinnu ṣáájú. Meurtre, ìyẹn pípa ènìyàn tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láìgbèrò rẹ̀ ṣáájú, ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ló ga jù. Bí wọ́n bá fi hàn pé a ti gbèrò rẹ̀, ó di assassinat, ẹ̀wọ̀n gbére. Ìgbà wo wá ni ọkàn pinnu? Nígbà tó ra oògùn ni? Nígbà tó da omi kaná? Májèlé tilẹ̀ ní abala tirẹ̀, 221-5: bí o bá ti fún ènìyàn ní ohun tó lè pa á, o ti dá ọ̀ràn náà tán, bí onítọ̀hún tilẹ̀ yè. Ìyàwó tó bu nǹkan sínú ọbẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó ronú pìwà dà ní Túsìdé, tó sì gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ti di apani-ní-májèlé lójú òfin, ọkọ rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń wá ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ẹjọ́ bá dé ọwọ́ juge d'instruction, ìwádìí lè gba ọdún kan, méjì. Adájọ́ mìíràn, juge des libertés et de la détention, ló ń pinnu bóyá afurasí máa dúró látìmọ́lé. Fún ọ̀ràn ńlá, ọdún 1 ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún un. Ìwádìí jẹ́ àṣírí fún àwọn tó ń ṣe é, kò dí ẹbí lẹ́nu, kò sì dí oníròyìn lẹ́nu. Ẹ má fo àkókò yìí. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó tóbi ju ìdájọ́ lọ, òun ni reconstitution. Adájọ́ á mú afurasí padà síbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú lọ́yà, gendarme àti akọ̀wé, á ní kó ṣe é bó ṣe ṣe é: ibi tó dúró, ọwọ́ tó lò, bí ẹni tó kú ṣe ṣubú. Bó bá jẹ́ òru ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, òru ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n á dí títì. Gbogbo fèrèsé onígi òpópónà náà á wà ní pípadé, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á sì máa yọ láàrin pákó, torí pé kò sẹ́ni tó sùn. Ènìyàn lè fi ẹnu jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ara rẹ̀ rántí àtẹ̀gùn tí kò gùn rí. Bó bá wá iná yàrá náà tì lógiri òsì nígbà tó wà lápá ọ̀tún, ìwé ti yí padà.

Cour d'assises, ilé ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá, ń jókòó ní olú ìlú ẹkùn, nítorí náà ìlú kékeré gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta àti ará ìlú mẹ́fà tí wọ́n fi orúkọ wọn jẹ́ ìbò ló máa ń jókòó. Láti 2023, àwọn ọ̀ràn tí ẹ̀wọ̀n wọn jẹ́ ọdún 15 sí 20 ń lọ síwájú adájọ́ márùn-ún láìsí ará ìlú, ṣùgbọ́n ìpànìyàn ṣì wà ní assises. Ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ kì í búra. Ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, wọ́n lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láìbúra. Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe jinlẹ̀ tó: òfin ti gbà pé ìyá lè purọ́, ó sì ti ṣí ojú rẹ̀ kúrò. Bó bá kan ìdìbò, bébà kékeré ni wọ́n ń kọ ìdáhùn sí ní ìkọ̀kọ̀. Bébà tí a kò kọ nǹkan sí ń ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ láǹfààní. Ohùn 7 nínú 9 ni wọ́n nílò láti dá a lẹ́bi. Ìbéèrè tí abala 353 gbé ka iwájú wọn kò sọ iye ẹ̀rí. Ó bèèrè bóyá ó dá wọn lójú nínú ọkàn wọn lọ́hùn-ún. Òǹkọ̀wé, ìyẹn ni ìbéèrè tí ẹ ti ń bi olùkàwé láti ojú ìwé kìíní.

Ẹ ṣọ́ra fún dókítà ọpọlọ ní kóòtù. Ó sábà máa ń wá, ó sì máa sọ bóyá òye ẹni náà ti kúrò pátápátá, tí ẹjọ́ fi máa bọ́ lọ́rùn rẹ̀, tàbí ó kàn dín kù, tí ẹ̀wọ̀n tó ga jù yóò fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn òǹkọ̀wé tí agbára tán nínú wọn máa ń fi dókítà yìí ṣàlàyé ẹni tí wọn kò lè ṣe fún ojú ìwé 300. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, ó sì yẹ kí ó ṣi nǹkan kan gbọ́, nǹkan tí olùkàwé mọ̀ ju ti tirẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀ràn àtijọ́, kó fi kàlẹ́ńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí òfin February 2017 tó dé, ọ̀ràn ńlá máa ń di gbígbàgbé lẹ́yìn ọdún 10 bí ìwádìí kò bá dá a dúró. Ó ti di ọdún 20 báyìí. Òfin tuntun kò jí ohun tó ti kú dìde. Ọ̀ràn 1998 tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ sí ti bọ́ ní 2008. Ti 2008, tó yẹ kó bọ́ ní 2018, ó di 2028. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ti ń ka ọdún lórí kàlẹ́ńdà ilé búrẹ́dì, tó ku ọdún kan ṣoṣo, tí òfin wá fi mẹ́wàá kún un. Kò sí ẹni tó lè bá ṣàròyé. Ìyàwó rẹ̀ bèèrè ìdí tí kò fi jẹun.

Ní ti ibi tí ìwé máa parí sí, n kò gba ìdájọ́. Ẹni tí assises bá dá lẹ́bi ní ọjọ́ 10 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, agbẹjọ́rò ìjọba náà ní tirẹ̀. Láàrin ọjọ́ 10 yẹn, ọjà á ná lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ìyá ọmọ tí wọ́n gbé lọ gbọ́dọ̀ jẹun, ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo ló sì wà ní ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e dé. Ó ti ilẹ̀kùn, agogo kékeré orí ilẹ̀kùn dún, àwọn mẹ́ta tó wà lórí ìlà wo iwájú gan-an. Obìnrin tó wà nídìí káńtà gbé ojú sókè. Ní gbogbo ogún ọdún tó ti ń ta búrẹ́dì fún un, “bonjour, madame” ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Kí ìwé parí kó tó la ẹnu.